Bí ẹ ṣe lè to ẹ́ńjìnnì Chevrolet 350 àtijọ́ fún eré dírágì kí ó má fọ́ sí yín lọ́wọ́

Ẹ́ńjìnnì V8 kékeré ti Chevrolet jáde ní 1955 pẹ̀lú 265 kúbíìkì íǹṣì. Camaro ọdún 1967 ló kọ́kọ́ gbé 350, láti ìgbà náà sì ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi ọkọ̀ àtijọ́ sáré ní Amẹ́ríkà ti ń fi í kọ́ṣẹ́. Ihò sílíńdà rẹ̀ fẹ̀ ní 4.000 íǹṣì, písítìnì rẹ̀ ń rin 3.48 íǹṣì láti ìsàlẹ̀ dókè. Páàtì rẹ̀ kún ìgboro, owó rẹ̀ kò sì gani lára. Ewu rẹ̀ náà nìyẹn. Ènìyàn á ra kíráńkì níhìn-ín, á ra tọ́pù (irin tó bo orí sílíńdà) lọ́hùn-ún, ẹlòmíì á ta kámù (ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù) fún un, á wá kó gbogbo rẹ̀ jọ láìwọn ọ̀kankan. Nígbà tí bíárìn bá wá jẹra, á ní ẹ́ńjìnnì burúkú ni.

Ohun tí a fẹ́ tò níbí ni ẹ́ńjìnnì tí ẹ lè gbé sínú Camaro tàbí Nova àtijọ́, kí ẹ wà á lọ sí pápá, kí ẹ fi sáré ìdá kan nínú mẹ́rin máìlì, ìyẹn mítà 402, láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 12 sí 13, kí ẹ sì tún wà á padà sílé.

Irinṣẹ́ tí kò gbọ́dọ̀ wọ́n yín: máíkírómítà íǹṣì 2 sí 3, géèjì tí wọ́n fi ń wọn inú ihò, fílà géèjì, géèjì alágogo tó ní ẹsẹ̀ mágínẹ́ẹ̀tì, àwo dígírì fún kámù, àti sípánà tọ́ọ̀kì, èyí tó ń fi ft-lb sọ bí ẹ ṣe fún bóòtù le tó. Ẹ lè yá àwọn yòókù. Sípánà tọ́ọ̀kì, ẹ ra tiyín, ẹ má sì fi tú bóòtù láé.

Búlọ́ọ̀kù

Nọ́ńbà tí wọ́n dà mọ́ búlọ́ọ̀kù wà lẹ́yìn, ní etí ibi tí jíábọ́ọ̀sì ń so mọ́, lápá awakọ̀. 3970010 ni ẹ máa bá pàdé jù, ó sì dára. Àmọ́ nọ́ńbà yẹn kò sọ bóyá bóòtù méjì tàbí mẹ́rin ló di ìdérí bíárìn mú; àfi kí ẹ ṣí páànù ọ́ìlì kí ẹ fojú rí i. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi bóòtù mẹ́rin gba owó gọbọi lọ́wọ́ yín. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní ju 6,000 rpm (iye ìgbà tí kíráńkì ń yí ní ìṣẹ́jú kan) àti nǹkan bí 400 agbára ẹṣin lọ, bóòtù méjì gbà á dáadáa.

Ẹ wo ọdún rẹ̀ pẹ̀lú. Láti 1986 ni Chevrolet ti yí síìlì ẹ̀yìn kíráńkì padà láti alápá méjì sí ẹlẹ́yọ kan. Kíráńkì ti àtijọ́ àti ti tuntun kì í kàn-án bọ́ sínú ara wọn bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ wọn ihò sílíńdà. Bí ẹnì kan bá ti gbẹ́ ẹ dé 4.060 (íǹṣì ni gbogbo ìwọ̀n tí a kọ báyìí), ẹ fi sílẹ̀: ògiri rẹ̀ ti tín-ínrín, kò ní pẹ́ tí yóò fi máa gbóná. Ní àwọn ibi tí yìnyín ti ń bọ́, omi lásán tó dì sínú búlọ́ọ̀kù nígbà òtútù a máa là á, torí náà ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń ṣe rìbóòrì fi mágínẹ́ẹ̀tì àti ìyẹ̀fun irin yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó gbẹ́ ohunkóhun. Ibi tí wọ́n máa wò dáadáa ni àfonífojì tápẹ́ẹ̀tì (ohun tó ń gun orí kámù láti gbé fáàfù sókè) àti àwọn ìgbátí tó gbé bíárìn kíráńkì.

Rìbóòrì tó bójú mu ni 0.030, tí yóò sọ ihò di 4.030, tí ẹ́ńjìnnì yóò sì di 355 kúbíìkì íǹṣì. Ẹ kọ́kọ́ ra písítìnì, kí ẹ gbé e lọ fún wọn. Ìdí ni pé àlàfo láàárín písítìnì àti ògiri kì í ṣe ọ̀kan náà: písítìnì tí wọ́n fi òòlù lù máa ń fẹ́ àlàfo tó tó 0.004 nítorí pé ó ń wú bó bá gbóná, nígbà tí èyí tí wọ́n dà tó ní sílíkọ́nì púpọ̀ lè má fẹ́ ju 0.002 lọ. Nọ́ńbà tó wà nínú páálí písítìnì ni kí wọ́n tẹ̀ lé. Kí ẹ sì bèèrè bóyá wọ́n ní àwo irin tí wọ́n ń dì sórí búlọ́ọ̀kù nígbà tí wọ́n bá ń fi òkúta pọ́n ihò. Bóòtù tọ́pù máa ń fa ihò sílíńdà wọ́ nígbà tí wọ́n bá ti le. Bí wọ́n bá pọ́n ọn láìsí àwo yẹn, ihò tó rí róbótó lórí tábìlì yóò yí padà lọ́jọ́ tí ẹ bá di tọ́pù, ríńgì kò sì ní jókòó dáadáa mọ́.

Bí búlọ́ọ̀kù bá dé, ẹ fọ̀ ọ́. Kì í ṣe pé kí ẹ fi afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ; omi gbígbóná, ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì gígùn tó wọ gbogbo ihò ọ́ìlì. Lẹ́yìn náà ẹ fi aṣọ funfun tó ní ọ́ìlì nu inú sílíńdà. Tí aṣọ bá ṣì ń dúdú, iyanrìn òkúta ṣì wà níbẹ̀, ẹ tún fọ̀ ọ́. Ẹ fi ọ́ìlì pa á lójú ẹsẹ̀, torí ìpẹtà kì í dúró di ọ̀la.

Ìdí-ihò ọ́ìlì kan wà tí gbogbo ènìyàn ń gbàgbé. Ó wà lábẹ́ ìdérí bíárìn ẹ̀yìn pátápátá, nínú ihò tí ọ́ìlì ń gbà bọ̀ láti ọ̀dọ̀ pọ́ǹpù. Àwọn tó ń fọ búlọ́ọ̀kù a máa yọ ọ́, wọn kì í sì í fi í padà nígbà gbogbo. Bí kò bá sí níbẹ̀, ọ́ìlì yóò fo fíítà kọjá lọ tààrà sí bíárìn, géèjì ọ́ìlì kò sì ní fi hàn yín pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ẹ tún ka mẹ́ta tó wà níwájú, lẹ́yìn jíà kámù: bí ọ̀kan bá ṣí sílẹ̀, ọ́ìlì kò ní lágbára mọ́.

Ìṣirò kọ́ńpírẹ́ṣọ̀n kí ẹ tó ra tọ́pù

Kọ́ńpírẹ́ṣọ̀n ń sọ bí písítìnì ṣe ń há epo àti afẹ́fẹ́ mọ́ra tó kí iná tó ta. Ibí ni owó ti ń ṣòfò jù. Sílíńdà 4.030 tó ń rin 3.48 ń gba 727 cc. Ohun tó kù lókè rẹ̀ nígbà tí písítìnì bá dé orí ni ẹ máa kà: yàrá iná inú tọ́pù, ìsanra gásíkẹ́ẹ̀tì, ihò fáàfù tó wà lórí písítìnì, àti bí písítìnì ṣe jìnnà sí ojú búlọ́ọ̀kù tó.

Bí ilé iṣẹ́ ṣe máa ń ṣe 350, písítìnì a máa dúró ní nǹkan bí 0.025 sísàlẹ̀ ojú búlọ́ọ̀kù. Ẹ mú tọ́pù àtijọ́ tó ní yàrá 76 cc, gásíkẹ́ẹ̀tì 0.040 tó jẹ́ nǹkan bí 8.6 cc, písítìnì olórí pẹrẹsẹ tí ihò fáàfù rẹ̀ jẹ́ 5 cc, àti 5.2 cc tó wà nínú 0.025 yẹn. Àròpọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 95 cc. Ẹ fi 95 kún 727, kí ẹ pín in sí 95: 8.7. Kámù eré lórí 8.7 yóò sùn bí ẹni jẹ iyán tán.

Ẹ wá mú tọ́pù Vortec tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ akẹ́rù 1996 sí 2000, tí nọ́ńbà rẹ̀ parí sí 906 tàbí 062. Yàrá tirẹ̀ jẹ́ 64 cc. Kí wọ́n gé ojú búlọ́ọ̀kù títí písítìnì yóò fi ku 0.005 sísàlẹ̀. Àròpọ̀ yóò di nǹkan bí 79 cc, kọ́ńpírẹ́ṣọ̀n yóò sì di 10.2. Irin ni tọ́pù yìí, kì í ṣe àlùmíníọ́ọ̀mù, nítorí náà ibi tí epo òkítéènì 93 ti Amẹ́ríkà lè gbà dé nìyẹn. Ẹ má tún fi kún un.

Gígé ojú búlọ́ọ̀kù náà ní èrè mìíràn. 0.005 àti gásíkẹ́ẹ̀tì 0.040 jẹ́ 0.045. Àlàfo tó há báyìí láàárín ibi pẹrẹsẹ písítìnì àti ti tọ́pù máa ń ti epo àti afẹ́fẹ́ jáde pẹ̀lú ipá sí ọ̀dọ̀ púlọ́ọ̀gì, iná á sì jó tán kíákíá kó tó máa nọ́ọ̀kì, ìyẹn ni pé kí epo bú gbàmù fúnra rẹ̀. Ní 0.065, bí ilé iṣẹ́ ṣe fi í sílẹ̀, ẹ lè bá nọ́ọ̀kì pàdé pẹ̀lú kọ́ńpírẹ́ṣọ̀n tó kéré sí ti ẹni tó há tirẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kó há ju 0.035 lọ, torí kọ́ńrọ́ọ̀dù máa ń nà díẹ̀ bí eré bá pọ̀.

Tọ́pù Vortec ní ìwà tirẹ̀. Mánífóòdù rẹ̀ yàtọ̀, bóòtù mẹ́jọ ló ní, ti àtijọ́ kò lè wọ̀ ọ́. Rọ́kà rẹ̀ (apá tó ń tẹ fáàfù) jẹ́ irú tó ń tọ́ ara rẹ̀ sọ́nà lórí fáàfù. Ẹ má da irú rẹ̀ pọ̀ mọ́ àwo atọ́nà púṣírọ́ọ̀dù (ọ̀pá tó ń ti rọ́kà). Bí ẹ bá sì fẹ́ lo kámù tó ń gbé fáàfù sókè ju nǹkan bí 0.460 lọ, kí wọ́n gé orí gáìdì fáàfù sílẹ̀ kí ìdérí sípíríńgì má baà lù ú. Tọ́pù 882 ti àwọn ọdún 1970, tí àwọn olówó pọ́ọ́kú máa ń gbé fún ni, ẹ jẹ́ kó kọjá lọ. Ó rọrùn láti là.

Ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì

Ọrùn kíráńkì tó wọ búlọ́ọ̀kù jẹ́ 2.45 íǹṣì, èyí tó wọ kọ́ńrọ́ọ̀dù jẹ́ 2.10. Bí wọ́n bá ti lọ̀ ọ́ ní 0.010, kò burú rárá, ẹ kàn ra bíárìn tó bá a mu. Òfin àtijọ́ tó ṣì dúró ni 0.001 àlàfo ọ́ìlì fún íǹṣì kọ̀ọ̀kan ọrùn náà. Fún ẹ́ńjìnnì yìí, 0.0020 sí 0.0025 ni ẹ ń wá ní ibi méjèèjì. Ẹ to bíárìn sínú ìdérí, ẹ fún un le ní tọ́ọ̀kì rẹ̀ pátápátá, kí ẹ tó wọn inú rẹ̀. Ẹ wá yọ ìwọ̀n ọrùn kíráńkì kúrò nínú rẹ̀. Okùn ike tí wọ́n ń tẹ̀ láàárín bíárìn wúlò láti fi jẹ́rìí sí ìwọ̀n yín, àmọ́ kò lè rọ́pò máíkírómítà. Kò lè sọ fún yín pé ọrùn ti di ẹyin.

Àlàfo tó bá há ju 0.0015 lọ, fíìmù ọ́ìlì kò ní ráyè, irin á pàdé irin. Èyí tó bá ju 0.003 lọ yóò jẹ́ kí ọ́ìlì máa ṣàn dànù, agbára ọ́ìlì á wálẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná.

Tọ́ọ̀kì bóòtù ìdérí kíráńkì jẹ́ 70 ft-lb pẹ̀lú ọ́ìlì lórí okùn rẹ̀. Bó bá jẹ́ bóòtù mẹ́rin, àwọn ti ẹ̀gbẹ́ jẹ́ 65. Ẹ gbé e ní ìpele mẹ́ta, kí ẹ sì yí kíráńkì lọ́wọ́ lẹ́yìn ìdérí kọ̀ọ̀kan. Ìdérí tó bá mú un le ni ẹlẹ́ṣẹ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ padà sí. Ẹ ti kíráńkì síwá sẹ́yìn pẹ̀lú géèjì alágogo: 0.004 sí 0.008 ló yẹ kó rìn.

Ríńgì. Ẹ fi ríńgì sínú sílíńdà tó jẹ́ tirẹ̀, ẹ fi orí písítìnì tì í sílẹ̀ bí íǹṣì kan kó lè dúró gbọọrọ, kí ẹ wá fi fílà géèjì wọn ẹnu rẹ̀. 0.0045 fún íǹṣì kọ̀ọ̀kan ihò ni: 0.018 fún ti òkè, 0.020 fún ìkejì. Ẹ fi fáìlì gé ẹnu kan ṣoṣo, láti ìta wá sínú, kí ẹ sì fi òkúta pa ìgún rẹ̀. Ẹnu tó tóbi díẹ̀ kò pa ẹ́ńjìnnì rí. Èyí tó kéré ju bó ṣe yẹ ni yóò pàdé nígbà tó bá gbóná, yóò há mọ́ ògiri, yóò sì fa ibi tí ríńgì jókòó sí lórí písítìnì ya.

Bóòtù kọ́ńrọ́ọ̀dù ti ilé iṣẹ́ ti gbé ẹrù fún ogójì tàbí àádọ́ta ọdún. Ẹ ra tuntun. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti tẹ bóòtù tuntun wọlé, ihò ńlá kọ́ńrọ́ọ̀dù máa ń yí, dandan ni kí wọ́n tún un gbẹ́. Bóòtù ti ilé iṣẹ́ jẹ́ 45 ft-lb. Bóòtù ti ilé iṣẹ́ ARP ní nọ́ńbà tirẹ̀ àti òróró tirẹ̀ nínú páálí, ẹ má fi ọ́ìlì rọ́pò òróró náà, torí nọ́ńbà tọ́ọ̀kì máa yí padà.

Nígbà tí ẹ bá ń ti písítìnì wọlé, ẹ fi ọ́ọ̀sì rọ́bà kékeré wọ orí bóòtù kọ́ńrọ́ọ̀dù kó má baà ha ọrùn kíráńkì. Àmì tó wà lórí písítìnì kọ ojú sí iwájú. Apá ìdérí kọ́ńrọ́ọ̀dù tí wọ́n gé etí rẹ̀ gbòòrò kọ ojú sí ògiri kíráńkì, kì í ṣe sí kọ́ńrọ́ọ̀dù kejì. Bí ẹ bá yí i padà, etí bíárìn yóò máa gun ibi tí ọrùn ti pàdé ògiri.

Pọ́ǹpù ọ́ìlì tí agbára rẹ̀ mọ níwọ̀n ti tó. Èyí tó ń gbé ọ́ìlì púpọ̀ jù máa ń fi ẹrù kún jíà disitíríbútọ̀ lásán. Ẹ fi wẹ́dà mú ẹnu ìfàmu rẹ̀ mọ́ pọ́ǹpù, nítorí ìgbọ̀nrìrì a máa jẹ́ kó bọ́. Kí àlàfo tó wà láàárín ẹnu yẹn àti ìsàlẹ̀ páànù jẹ́ 3/8 íǹṣì.

Kámù: ibi tí ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ń kú sí

Kámù tó ń ṣí fáàfù fún dígírì 224 sí 230, tí a wọn láti ibi tí tápẹ́ẹ̀tì ti gòkè 0.050, bá ẹ́ńjìnnì yìí mu. Ẹ má gba ti onítàjà tó ní èyí tó tóbi jù lọ ni ẹ nílò: kámù ńlá yóò pa agbára ìsàlẹ̀, ibẹ̀ ni ọkọ̀ sì ti ń gbéra.

Ẹ má fi àmì jíà nìkan tò ó. Ẹ fi ìdènà písítìnì wá òkè pátápátá sílíńdà kìíní, ẹ wọn ọ́n láti ọ̀tún àti òsì kí ẹ pín in sí méjì, lẹ́yìn náà kí ẹ fi àwo dígírì wo ibi tí fáàfù ìfàmu ti ga jù. Bí ìwé kámù bá ní 106 tí tiyín ń ka 110, dígírì mẹ́rin ti sọnù sínú jíà àti ṣéènì, ẹ ó sì rí i lórí ìwé àkókò tí wọ́n ń fún yín ní pápá. Ẹ tún fi amọ̀ ọmọdé lé orí písítìnì, ẹ to tọ́pù pẹ̀lú gásíkẹ́ẹ̀tì, ẹ yí ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ gé amọ̀ náà wọ̀n. 0.080 fún fáàfù ìfàmu, 0.100 fún ti èéfín, kò gbọdọ̀ kéré sí i.

Tápẹ́ẹ̀tì olójú pẹrẹsẹ kò pẹrẹsẹ ní tòótọ́. Ojú rẹ̀ wú díẹ̀, orí kámù sì dagun díẹ̀, kí tápẹ́ẹ̀tì lè máa yí bó ti ń gòkè. Èyí tí kò bá yí yóò jẹ orí kámù tán láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, irin tó lọ̀ yóò sì wọ inú bíárìn. Ọ́ìlì òde òní ti dín síńkì kù gidigidi láti dáàbò bo ohun tó ń fọ èéfín ọkọ̀ tuntun, síńkì yẹn gan-an ni tápẹ́ẹ̀tì yìí sì ń jẹ. Ẹ ra ọ́ìlì ìbẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ṣe fún kámù olójú pẹrẹsẹ. Ẹ fi òróró mọlíbídínọ́ọ̀mù tó bá kámù wá pa ojú tápẹ́ẹ̀tì àti orí kámù. Ọ́ìlì lásán ni kí ẹ fi pa ẹ̀gbẹ́ tápẹ́ẹ̀tì. Tápẹ́ẹ̀tì tuntun fún kámù tuntun. Bí owó bá wà, kámù oníróólà ló dára jù, ṣùgbọ́n búlọ́ọ̀kù tó ṣáájú 1987 máa fẹ́ tápẹ́ẹ̀tì oníróólà tí wọ́n so ní méjì-méjì, ó sì wọ́n.

Títo òkè

Bóòtù tọ́pù Chevrolet yìí wọ inú omi. Bí ẹ kò bá fi gọ́ọ̀mù síìlì sí okùn rẹ̀, omi yóò gba ara bóòtù gòkè wá sínú ọ́ìlì, ẹ ó sì máa dá gásíkẹ́ẹ̀tì lẹ́bi. Mẹ́tàdínlógún ni ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Láti àárín lọ sí ìta, 25, 45, lẹ́yìn náà 65 ft-lb.

Fún tápẹ́ẹ̀tì ọ́ìlì, ẹ yí ẹ́ńjìnnì títí fáàfù èéfín sílíńdà kan yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, kí ẹ wá tún ti ìfàmu ṣe. Nígbà tí ìfàmu bá fẹ́rẹ̀ẹ́ padé tán, ẹ tún ti èéfín ṣe. Ẹ máa yí nọ́ọ̀tì lọ sílẹ̀, kí ẹ máa ti púṣírọ́ọ̀dù lọ sókè-sódò. Ibi tí ìmì rẹ̀ ti tán ni òdo. Ẹ fi ìdajì yíyí kún un. Má ṣe é nípa fífi ìka yí púṣírọ́ọ̀dù: ìka máa ń tan ni, ẹ ó sì fún fáàfù jù, kò ní padé dáadáa.

Bí ẹ bá ń fi mánífóòdù lé e, ẹ sọ rọ́bà tínrín tiwájú àti tẹ̀yìn tó wà nínú páálí gásíkẹ́ẹ̀tì nù. Gọ́ọ̀mù sílíkọ́nì tó nípọn tó 1/4 íǹṣì ṣiṣẹ́ jù ú lọ.

Nípa kábúrétọ̀, ẹ ṣírò kí ẹ tó rà. 355 lọ́nà 6,000 rpm, ẹ pín in sí 3,456: 616 CFM (kúbíìkì ẹsẹ̀ afẹ́fẹ́ ní ìṣẹ́jú kan). Kábúrétọ̀ Holley 650 tó. 750 lè fi díẹ̀ kún un ní òkè, ṣùgbọ́n 850 tí àwọn kan ń gbé lé e nítorí ariwo yóò jẹ́ kí ọkọ̀ máa kọsẹ̀ nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Agbára epo kò gbọdọ̀ ju 6.5 psi lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ epo á ti abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ sílẹ̀, á sì kún àkúnya.

Ìtòlẹ́sẹẹsẹ iná: 1-8-4-3-6-5-7-2, disitíríbútọ̀ ń yí bí ọwọ́ aago. Nọ́ńbà kan, mẹ́ta, márùn-ún, méje wà lápá awakọ̀. Ẹ kíyè sí i pé 5 àti 7 wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú búlọ́ọ̀kù, wọ́n sì tẹ̀ lé ara wọn nínú ìtòlẹ́sẹẹsẹ. Bí wáyà wọn bá sùn ti ara wọn, iná 5 yóò ta sí 7 kó tó àsìkò, písítìnì keje á sì jó. Ẹ ya wáyà méjèèjì sọ́tọ̀.

Títan iná fún ìgbà àkọ́kọ́

Kí disitíríbútọ̀ tó wọlé, ẹ fi dírílì àti ọ̀pá tó bá a mu yí pọ́ǹpù ọ́ìlì títí ọ́ìlì yóò fi jáde lórí gbogbo rọ́kà mẹ́rìndínlógún, kí ẹnì kan sì máa yí kíráńkì díẹ̀díẹ̀. Ó lè gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ ní sùúrù.

Omi kún, epo wà nínú ilé kábúrétọ̀, tíìmìn (ìgbà tí púlọ́ọ̀gì ń ta iná) sún mọ́ dígírì 12. Ó gbọ́dọ̀ gbá lẹ́ẹ̀kan náà. Yíyí sítátà pẹ́ máa ń nu òróró náà kúrò lórí kámù. Bó bá ń ta iná jáde láti ẹnu kábúrétọ̀ tí kò gbá, disitíríbútọ̀ ti wọlé ní ìdajì yíyí. Sílíńdà kìíní wà lókè, àmọ́ òpin èéfín ló wà, kì í ṣe ti kọ́ńpírẹ́ṣọ̀n.

Bó bá ti gbá, ẹ gbé e lọ sí 2,000 rpm lójú ẹsẹ̀. Láàárín 2,000 àti 2,500 fún ìṣẹ́jú 20 sí 30, kí ẹ máa yí i padà. Kò sí jíjẹ́ kó rọra máa dún, torí ọ́ìlì tí kíráńkì ń tà sókè nìkan ló ń bọ́ kámù. Bí omi bá jò, ẹ pa á, ẹ tún un ṣe, kí ẹ parí ìṣẹ́jú tó kù. Lẹ́yìn náà ẹ da ọ́ìlì nù, ẹ gé fíítà sí méjì kí ẹ tẹ́ ìwé rẹ̀. Ìdán wúrà díẹ̀díẹ̀ kò jẹ́ nǹkan. Eruku tó ń fà mọ́ mágínẹ́ẹ̀tì jọjọ, kámù ti ń lọ nìyẹn.

Tíìmìn àpapọ̀: dígírì 36 fún tọ́pù àtijọ́, 32 sí 34 fún Vortec, ní 3,000 rpm sókè, pẹ̀lú ọ́ọ̀sì fákúùmù tí ẹ ti yọ tí ẹ sì dí. Agbára ọ́ìlì tó dára ni 10 psi fún 1,000 rpm kọ̀ọ̀kan.

Láti jíábọ́ọ̀sì dé táyà

Jíábọ́ọ̀sì ọtọmátíìkì TH350 pẹ̀lú kọ́ńfátà (ohun tó so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì) tó ń di mú ní nǹkan bí 3,000 rpm ló rọrùn jù láti fi sáré lọ́nà kan náà lójoojúmọ́. Ẹni tó fẹ́ràn kílọ́ọ̀ṣì lè lo oníjíà mẹ́rin, ayọ̀ rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n àkókò rẹ̀ kì í dọ́gba.

Ẹ fi ìṣirò yan jíà ẹ̀yìn: máìlì ní wákàtí, lọ́nà jíà, lọ́nà 336, kí ẹ pín in sí gíga táyà. Bí ẹ bá ń retí 110 ní òpin pápá pẹ̀lú táyà íǹṣì 27, jíà 4.10 yóò jẹ́ 5,612 rpm, kọ́ńfátà yóò sì fi bí 300 kún un nítorí yíyọ̀ rẹ̀. Ibi tí kámù yìí fẹ́ nìyẹn. 3.73 yóò jẹ́ 5,106, ó sì tu ni lára jù ní títì.

Camaro ìran àkọ́kọ́ máa ń fo ìdí bí ewúrẹ́ nígbà tó bá ń gbéra, ní pàtàkì èyí tó ní ewé sípíríńgì kan ṣoṣo. Ewé náà ń wé, ó ń tú, táyà ń gbá ilẹ̀, àsílì á sì ṣẹ́. Ọ̀pá ìdènà lábẹ́ sípíríńgì ni oògùn rẹ̀. Ní ti àsílì oníbóòtù mẹ́wàá kékeré, má fi táyà síílíìkì (táyà eré tí kò ní ìlà) gbé e. Oníbóòtù méjìlá ló tọ́. Méjèèjì ni ìdè kékeré nínú dífírẹ́ńṣà fi ń di àsílì mú, ìyẹn ni pé bí àsílì bá ṣẹ́, táyà lè bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Àyẹ̀wò NHRA, àjọ tó ń ṣàkóso eré dírágì ní Amẹ́ríkà, kì í ṣe àwàdà. Àṣíborí ní 13.99 sí ìsàlẹ̀, ọ̀pá ààbò lókè orí awakọ̀ fún ọkọ̀ àtijọ́ tó bá ń sá 11.49 tàbí tó yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Sípíríńgì méjì tó ń fa kábúrétọ̀ padà, agolo tó ń gba omi rẹdíétọ̀, àti bí ẹ bá ti gbé bátìrì sí búùtù, ẹ̀rọ tó ń pa iná láti ẹ̀yìn ọkọ̀. Wọn yóò dá yín padà láti ẹnu géètì bí ọ̀kan bá kù.

Ní pápá

Ìdíje tí ọkọ̀ yìí wà fún ni bírákẹ́ẹ̀tì. Ẹ ó kọ àkókò tí ẹ rò pé ọkọ̀ yín máa sá sórí gíláàsì. Bí tiyín bá jẹ́ 13.20, tí ti ẹnìkejì jẹ́ 11.80, iná tiyín á kọ́kọ́ wá ní ìṣẹ́jú-àáyá 1.40 ṣáájú tirẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ dé ìlà ló borí, àyàfi bó bá yá ju nọ́ńbà tirẹ̀ lọ. Nítorí náà, ọkọ̀ tó ń sá 13.20, 13.21, 13.20 yóò máa na ọkọ̀ tó ń sá 11.70 lónìí tó sì sá 11.95 lọ́la.

Táyà ìwájú tó ní ìlà, ẹ má jẹ́ kó kan omi. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, kí ẹ fi ẹ̀yìn wọ ibi tí ó tutù díẹ̀. Ẹ jó táyà títí èéfín àkọ́kọ́ yóò fi hàn, ó tó. Bí a bá ní síílíìkì, 12 psi jẹ́ ibi tí a lè bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì yí i ní ìdajì psi lẹ́ẹ̀kan.

Lórí òpó iná tó wà ní ìlà ìbẹ̀rẹ̀, ẹ wọ iná àkọ́kọ́, ẹ dúró. Ẹ yọ́ wọ ìkejì, kí ẹ dá a dúró ní kété tó bá tàn. Iná pupa rúsúrúsú mẹ́ta á bọ́ sílẹ̀, ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá láàárín wọn. Ẹ gbéra nígbà tí ìkẹta bá tàn. Ẹni tó bá dúró de àwọ̀ ewé ti pẹ́.

Nínú ìwé àkókò, ibi tí ẹ máa kọ́kọ́ wò ni ẹsẹ̀ 60, ìyẹn àkókò tí ẹ fi rin ẹsẹ̀ bàtà 60 àkọ́kọ́. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá tí ẹ bá rí níbẹ̀ a máa di bí 0.15 sí 0.20 ní òpin. Bí ẹsẹ̀ 60 bá ń yí kiri, táyà, ìgbéra tàbí ìgbóná ẹ́ńjìnnì ló ń yí. Ẹ má fọwọ́ kan kábúrétọ̀. Bí ẹsẹ̀ 60 bá dọ́gba tí máìlì ní wákàtí sì ń wálẹ̀, ẹ́ńjìnnì ló ń rẹ̀, tàbí ooru àti ọ̀rinrin ọ̀sán ti wọlé. Ẹ máa gbéra ní ìwọ̀n ìgbóná omi kan náà, bíi 71 dígírì Sẹ́síọ́ọ̀sì, kí ẹ sì kọ ìgbóná, àkókò ọjọ́, psi táyà àti ẹsẹ̀ 60 sílẹ̀ lẹ́yìn eré kọ̀ọ̀kan.

Bí ẹ bá délé, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Tángánran funfun tó ní àmì dúdú kéékèèké, nọ́ọ̀kì ti wà níbẹ̀. Ẹ dín tíìmìn kù ní dígírì méjì. Ẹ gé fíítà. Bí ẹ bá sì gbọ́ kókókó lábẹ́ ìdérí rọ́kà, tí rọ́kà kan ti tú tí ẹ sì fún un, tó tún tú lẹ́yìn eré kejì, orí kámù kan ló ń lọ. Ẹ má tún fi ọkọ̀ náà sáré títí ẹ ó fi yọ mánífóòdù tí ẹ ó sì wo ojú tápẹ́ẹ̀tì.